Ẹ̀rọ Atudìẹ

Bí ẹnì kan bá fẹ́ mọ bí sùúrù ṣe ń tán lára ènìyàn, kó lọ fẹ́ ọkùnrin tó mọ nǹkan tún ṣe. Irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀ ni Aránṣọ fẹ́. Àwọn aládùúgbò ló sọ ọkọ rẹ̀ ní Atúnṣe, wọ́n sì rò pé oríkì ni wọ́n fi kì í. Ìyàwó rẹ̀ nìkan ló mọ̀ pé ohun tó bàjẹ́ kì í fi bẹ́ẹ̀ jẹ ọkọ òun lógún. Èyí tó ń ṣiṣẹ́ dáadáa ni ó máa ń tún ṣe.

Iléeṣẹ́ omi ni Atúnṣe ti ṣiṣẹ́ títí tó fi fẹ̀yìn tì. Òun ló ń tọ́jú àwọn ẹ̀rọ ńláńlá tó ń fa omi sí ìlú. Bó bá gbé etí lé irin lásán, á mọ èyí tó fẹ́ ṣàìsàn nínú wọn. Nígbà tó kúrò níbẹ̀, wọn kò fi ẹnikẹ́ni rọ́pò rẹ̀. Wọ́n gbé àpótí kan tó ní iná pupa àti iná àwọ̀ ewé kọ́ ara ògiri, wọ́n ní ìyẹn ti tó. Ó gbé àpótí irinṣẹ́ rẹ̀ wálé, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wo inú ilé kiri bí ológbò tó gbúròó eku. Ó kọ́kọ́ tú aago ògiri. Lẹ́yìn ìyẹn ó tú kọ́kọ́rọ́ ẹnu ọ̀nà iwájú, tó fi jẹ́ pé ẹ̀yìnkùlé ni àwọn oníbàárà Aránṣọ ń gbà wọlé wá wọn aṣọ fún ọ̀pọ̀ ọjọ́.

Nítorí náà, nígbà tí Aránṣọ pinnu láti máa sin adìẹ òyìnbó sí ẹ̀yìnkùlé, èyí tí wọ́n ń sìn fún ẹran nìkan, ó kọ́kọ́ bá ọkọ rẹ̀ ṣàdéhùn.

"Bàbá wọn, adìẹ nìyí o. Ẹ má tún wọn ṣe."

Ọkọ rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. "Kí ni mo fẹ́ tún ṣe lára adìẹ?"

Kò pẹ́ rárá tó fi rí i.

Nígbà tí àwọn òròmọdìẹ dé, Aránṣọ gbé wọn sínú páálí ńlá tó fi èérún pákó tẹ́, ó so gílóòbù kọ́ sókè wọn, ó sì ń mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń ti ẹnu wọn bọ omi kí wọ́n lè mọ ibi tí omi wà. Bí wọ́n bá kó ara wọn jọ sábẹ́ gílóòbù, á mọ̀ pé òtútù ń mú wọn. Bí wọ́n bá sá lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ páálí, á mọ̀ pé ooru ti pọ̀ jù. Kò sí ohun tó le níbẹ̀. Ṣùgbọ́n Atúnṣe rí i bó ṣe ń bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti bu omi fún wọn, àánú sì ṣe é. Ó wá ọ̀pá omi, ó wá ohun kan tó ń léfòó tí yóò máa dá omi dúró bó bá ti kún, ó tò wọ́n pọ̀ nígbà tí ìyàwó rẹ̀ jáde lọ ra òwú. Nígbà tí Aránṣọ padà dé, ohun tó ń léfòó náà ti há. Omi kún inú páálí bámúbámú. Àwọn òròmọdìẹ tó yè gun orí agbada oúnjẹ wọn, wọ́n ń gbọ̀n bí ẹni tí ọkọ̀ ojú omi rì mọ́. Àjákù aṣọ àwọn oníbàárà ni ó fi nù wọ́n gbẹ lọ́kọ̀ọ̀kan lórí itan rẹ̀. Ó sin àwọn tó kú sẹ́yìn ilé.

"Ohun tó ń léfòó yẹn ló há," ni Atúnṣe wí.

"Bàbá wọn, ọwọ́ yín dà?"

"Òun rèé."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tì í bọ àpò."

Ó tì í bọ àpò lóòótọ́, ó tó ọjọ́ mélòó kan.

Láàárín ìyẹn ni ẹ̀gbọ́n Atúnṣe obìnrin dé. Ọ̀gá ilé-ìwé ni ìyá náà kó tó fẹ̀yìn tì, gbogbo ẹbí sì ń pè é ní Alákòóso, nítorí kò sí iṣẹ́ tí kò lè darí láìfọwọ́ kàn án. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣiṣẹ́ abẹ fún un ní orúnkún ni, ó wá gbàtọ́jú lọ́dọ̀ àbúrò rẹ̀. Ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n ń gbé àga fún un sí láràárọ̀, á na ẹsẹ̀ sórí àpótí, á dojú kọ ilé adìẹ.

"Ìyàwó, èyí pupa yẹn kò jẹun o."

"Àǹtí, funfun ni gbogbo wọn."

"Èyí tó fẹ́ pupa díẹ̀ nínú wọn ni mo ń wí. Ṣé o ò ní lajú ni?"

Aránṣọ á mí kanlẹ̀, á lọ wo adìẹ tí kò sí.

Àwọn adìẹ náà ń dàgbà ṣá. Adìẹ òyìnbó kò mọ̀ ju oúnjẹ lọ: á jẹ, á mu, á sùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun tó ń jẹ, á jí, á tún gbẹ́nu lé e. Àyà wọn tẹ̀wọ̀n, itan wọn ki. Alásè ilé ìwòsàn, ọ̀rẹ́ Aránṣọ láti kékeré, ti sọ pé òun á kó èyí tó pọ̀ jù nínú wọn fún oúnjẹ àwọn aláìsàn. Wọ́n fẹnu kò sí ọjọ́ tí wọn yóò pa wọ́n.

Nígbà tó kù díẹ̀ ni Atúnṣe rí ẹ̀rọ kan lórí fóònù. Wọ́n ju adìẹ tí wọ́n ti pa sínú rẹ̀, ó yí i gbirigbiri, adìẹ náà sì jáde ní ìhòòhò bí ọmọ tuntun. Láti ọjọ́ náà lọ, kò sùn dáadáa mọ́.

"Ìyá wọn, ṣé o mọ bó ṣe máa ń pẹ́ tó láti fi ọwọ́ tu ìyẹ́ adìẹ kan?"

"Mo mọ̀. Ọwọ́ mi ló ń tu ú."

"Sún ọjọ́ yẹn síwájú díẹ̀ fún mi. Díẹ̀ báyìí."

Aránṣọ ì bá ti kọ̀. Ṣùgbọ́n ó wo ojú ọkọ rẹ̀, ó rí i pé ojú náà ń dán bó ṣe máa ń dán nígbà tó bá ti ibi iṣẹ́ dé tó ní òun ti wá ohun tó ń ṣe ẹ̀rọ kan rí. Ó ti pẹ́ tó ti rí ojú yẹn kẹ́yìn. Ó pe Alásè, ó bẹ̀ ẹ́. Atúnṣe ra ẹ̀rọ ìfọṣọ tó ti kú, ó yọ inú rẹ̀, ó lu ihò sí i yíká, ó sì ń ki ìka rọ́bà bọ ihò wọ̀nyẹn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọjọ́ tí wọ́n sún un sí pé, ẹ̀rọ kò tíì tán. Aránṣọ tún pe Alásè.

"Ṣé adìẹ ni mò ń dúró dè ni," ni ìyẹn bi í, "àbí ọkọ̀ òfurufú?"

"Ìwọ náà mọ̀ ọ́n. Ẹ̀rọ ló ń ṣe."

"Sọ fún un pé ebi kì í gbọ́ ẹ̀rọ."

Adìẹ pẹ̀lú kò gbọ́. Wọ́n ń tóbi sí i lójoojúmọ́, ẹsẹ̀ wọn kò sì lágbára láti gbé ara tí wọ́n ní. Àwọn kan jókòó tí wọn kò dìde mọ́. Aránṣọ ní láti máa gbé oúnjẹ lọ bá wọn níbi tí wọ́n wà bí ẹni ń tọ́jú arúgbó. Ní ọ̀sán kan tí oòrùn mú gan-an, èyí tó tóbi jù láàárín wọn mí gúlegúle, ó na ẹsẹ̀, ó kú. Aránṣọ gbé e wọlé lọ bá ọkọ rẹ̀ níbi tó ti ń lọ́ bóòtù ẹ̀rọ rẹ̀, ó tẹ́ ẹ síwájú rẹ̀.

"Bàbá wọn, ọ̀la ni. Bí ẹ̀rọ yín bá ti tán, ó dáa. Bí kò bá sì tíì tán, ó dáa. Ọ̀la ni mo ń pa adìẹ mi."

"Bẹ́líìtì nìkan ló kù. Mo máa rí i rà láàárọ̀."

"Mi ò bá yín jà. Mo kàn ń sọ fún yín ni."

Ó pe Alásè pé kó wá lọ́la, ó sì kó oúnjẹ kúrò níwájú àwọn adìẹ ní ìrọ̀lẹ́, kí inú wọn lè ṣófo nígbà tí ọ̀bẹ bá dé. Nígbà tó jí, èérún búrẹ́dì ló bá ní gbogbo ilẹ̀ ilé adìẹ.

"Ebi ń pa wọ́n," ni Alákòóso wí láti orí àga rẹ̀. "Wọ́n ń wò mí. Mo ju díẹ̀ sí wọn lálẹ́ àná."

"Àǹtí, ẹni tí a fẹ́ pa ni wọ́n."

"Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí àánú wọn fi ṣe mí."

Aránṣọ yí ẹ̀rọ omi ẹ̀yìnkùlé kó lè bu omi sínú dúrọ́ọ̀mù. Ẹ̀rọ náà wúkọ́, ó fẹ́ atẹ́gùn, kò sì sí omi. Ó rìn lọ sídìí kànga, níbi tí ẹ̀rọ tó ń fa omi wọn wà. Ó bá ọ̀pá omi, ó bá ìdè irin, ó bá ihò bóòtù. Mọ́tò tó ń yí ẹ̀rọ náà kò sí níbẹ̀ mọ́. Ọkọ rẹ̀ ti yọ ọ́ láti fi yí ẹ̀rọ atudìẹ. Ó tilẹ̀ fi téèpù dí ẹnu wáyà dáadáa, nítorí ewu.

Ọ̀rọ̀ tó bá ju ẹkún lọ, ẹ̀rín là ń fi í rín. Aránṣọ rẹ́rìn-ín títí ẹ̀gbẹ́ fi ń dùn ún. Alákòóso ń bi í pé kí ló dé, kò lè sọ ọ́. Nígbà tó rẹ́rìn-ín tán, ó wá okùn àti garawa, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fa omi láti inú kànga, garawa kan lẹ́yìn òmíràn, títí dúrọ́ọ̀mù fi kún. Ó dáná sábẹ́ rẹ̀. Nígbà tí omi náà gbóná tó bẹ́ẹ̀ tí ọwọ́ kò lè dúró nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n tí kò tíì hó, ó lọ mú adìẹ àkọ́kọ́.

Ó ti gé ìdí àwọn kẹ́ẹ̀gì kan, ó sì ti kàn wọ́n mọ́ ara ògiri ní ìdoríkodò. Bó bá ki adìẹ bọ inú rẹ̀, orí rẹ̀ á yọ nísàlẹ̀, kò sì ní lè ju apá. Ó fi ọ̀bẹ kọjá lọ́rùn rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, láìṣiyèméjì, nítorí ìyà ni ọ̀bẹ tó ń ṣiyèméjì fi ń jẹ ẹran. Alákòóso ti yí àga rẹ̀ padà.

"Ìyàwó, ṣé o ti pa á?"

"Mo ti pa á, Àǹtí."

"Ṣé kò dùn ún?"

"N kò bi í, Àǹtí."

Ó rì í sínú omi gbígbóná, ó gbé e jáde, ìyẹ́ náà sì ń tẹ̀lé ọwọ́ rẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́. Ó tu ú tán, ó la ikùn rẹ̀, ó kó ìfun rẹ̀ tí búrẹ́dì kún, ó rọra yọ òróòro kúrò lára ẹ̀dọ̀. Ó ki èkejì bọ kẹ́ẹ̀gì. Ọwọ́ rẹ̀ ń yá sí i. Àwọn tó ti pa ti ń tò jọ lórí tábìlì, ó sì ti ń rò pé òun á parí kí Alásè tó dé, nígbà tó gbọ́ ohùn ọkọ rẹ̀ lójúde.

"Dúró! Ìyá wọn, má tu wọ́n mọ́! Mo ti rí i!"

Ó ń fi bẹ́líìtì náà juwọ́ bí ẹni gba ife ẹ̀yẹ. Aránṣọ nàka sí ọ̀nà kànga. Atúnṣe wo ibẹ̀, ó wo okùn, ó wo garawa, ojú tì í díẹ̀.

"Màá dá a padà. Ẹ̀yìn iṣẹ́ lónìí ni mo fẹ́ dá a padà."

Ó gbé ẹ̀rọ náà jáde. Ó dà bí ikùn ẹranko tó ní eyín níbi gbogbo. Ó gbé e sí orí kọnkéré nítòsí dúrọ́ọ̀mù omi gbígbóná, ó fa wáyà rẹ̀ wọ ilé ìdáná, ó fi bẹ́líìtì sí i. Ó ní kí wọ́n fún òun ní ẹyọ kan péré. Aránṣọ fún un, kó lè sinmi ẹnu rẹ̀. Ó ti rì í sínú omi. Atúnṣe tẹ ohun tó ń tan án, ẹ̀rọ bú ramúramù, ìyẹ́ ń fò jáde bí èéfín, ó sì fa adìẹ náà jáde. Kò sí ìyẹ́ kan ṣoṣo lára rẹ̀. Aránṣọ wo abẹ́ apá, ó wo ìdí, kò rí nǹkan kan. Kò fẹ́ kí inú òun dùn, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ dùn.

"Ó ṣe é!" Alákòóso ń pàtẹ́wọ́. "Àbúrò mi, o ṣe é!"

Bó bá jẹ́ pé Atúnṣe dúró síbẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ó kó mẹ́ta pa pọ̀.

"Bàbá wọn, ẹ máa fi ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe é."

"Ẹ̀rọ ńlá ni. Wò ó ná."

Ẹ̀rọ náà gbọ̀n. Ó fò díẹ̀, ó balẹ̀, ó tún fò. Lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Ó ń rìn lórí kọnkéré bí ọ̀mùtí tó ń wá ọ̀nà ilé, Atúnṣe sì dì mọ́ ọn, ó ń bá a lọ. Ó ju adìẹ kan jáde, adìẹ náà sì balẹ̀ sórí itan Alákòóso, ìyẹn figbe ta. Aránṣọ sáré lọ fa wáyà yọ, ṣùgbọ́n kó tó dé ìdí rẹ̀, ẹ̀rọ ti forí sọ dúrọ́ọ̀mù. Dúrọ́ọ̀mù yí dànù, ẹ̀rọ náà sì dojú dé. Atúnṣe fò sẹ́yìn, omi náà kọjá lẹ́bàá ẹsẹ̀ rẹ̀, ó pa iná, ó sì gba ojú àgbàrá lọ pẹ̀lú gbogbo omi tí Aránṣọ fi okùn fà láti òwúrọ̀.

Igi ìdáná ń ṣe ṣíì. Àwọn adìẹ tí wọ́n ti pa tí wọn kò tíì tu wà nílẹ̀, oòrùn sì ti ń gòkè.

Aránṣọ fi ìṣẹ́tí aṣọ nu ọwọ́, ó wọ inú ilé adìẹ, ó ti ilẹ̀kùn, ó sì jókòó lórí korobá láàárín àwọn tó kù. Ọ̀kan nínú wọn wọ́ wá, ó jókòó tì í.

Nígbà tó ṣe, ọkọ rẹ̀ wá dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Ìyá wọn."

Aránṣọ ń fọwọ́ ra ẹ̀yìn adìẹ náà.

"Ẹsẹ̀ rẹ̀ ni mi ò kàn mọ́lẹ̀. Bí mo bá fi bóòtù—"

"Bàbá wọn, bí ẹ bá tún pe bóòtù létí mi, orí yín ni n ó kì bọ inú kẹ́ẹ̀gì yẹn."

Atúnṣe fi èékánná ha irin ilẹ̀kùn. "Níbi iṣẹ́, tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, èmi ni wọ́n máa ń pè. Ì báà jẹ́ pé mò ń jẹun lọ́wọ́. Láti ìgbà tí mo ti délé, kò sẹ́ni tó pè mí."

Aránṣọ gbójú sókè wò ó. Ìyẹ́ funfun kan lẹ̀ mọ́ ọn níwájú orí, kò sì mọ̀.

"Èmi ń pè yín. Mo ní kí ẹ bá mi gbé oúnjẹ adìẹ, ẹ ní ẹ fẹ́ ṣe kẹ̀kẹ́ tí á máa gbé e. Mo ní kí ẹ bá mi di adìẹ mú kí n fún un lóògùn, ẹ ní ẹ ń lu ihò sára ẹ̀rọ. Mi ò wá ẹ̀rọ, Bàbá wọn. Ọwọ́ ni mò ń wá."

"Ọwọ́ yìí náà?"

"Ṣé ẹ ní òmíràn ni?"

Kó tó dáhùn, ohùn Alákòóso gba ẹ̀yìnkùlé kan. "Ṣé ẹ ó jáde ni, àbí kí n pe àwọn eṣinṣin kí wọ́n wá bá yín parí rẹ̀?"

Wọ́n jáde. Wọ́n bá a tó ń tu adìẹ tó bọ́ sí i lórí itan. Ó ti tu ú dé ìdajì.

"Kí lẹ ń wò? Ẹsẹ̀ ni wọ́n là fún mi. Wọn ò la ọwọ́ mi."

Igi ti rẹ, omi ti lọ, kò sì sí àyè láti tún bẹ̀rẹ̀. Aránṣọ dúró, ó wo oòrùn, ó wo ilẹ̀, ó sì pinnu. Àwọn tó kù kò ní rí omi gbígbóná rárá. Wọn yóò bó awọ wọn pẹ̀lú ìyẹ́ lára rẹ̀, bí ẹni bọ́ ẹ̀wù. Alákòóso ké pé adìẹ tí kò láwọ ìhòòhò ni, pé awọ ni òun fẹ́ràn jù, ṣùgbọ́n kò dáwọ́ dúró. Atúnṣe ń fa omi tútù láti fi ṣan ẹran, ó sì ń di adìẹ mú fún ìyàwó rẹ̀. Ó ń fi ọwọ́ kan bo ojú wọn bó ṣe ń gbé wọn bọ̀, wọn kì í sì í jà lọ́wọ́ rẹ̀. Aránṣọ rí i.

Wọ́n ń ṣan èyí tó kẹ́yìn nígbà tí Alásè wọlé pẹ̀lú kúlà ńláńlá, ó ti múra ìjà. Ó wo ẹ̀rọ tó dojú dé, ó wo ìyẹ́ lára gbogbo wọn, ó gbé adìẹ kan.

"Awọ wọn dà?"

"Má bínú," ni Aránṣọ wí, "ọ̀rọ̀ yìí gùn."

"Bínú kẹ̀? Ó ti pẹ́ tí àwọn dókítà ti ń yọ mí lẹ́nu pé kí n má fún aláìsàn ní awọ adìẹ. Èmi ni mo máa ń jókòó bó o. Báyìí ni kí o máa ṣe é."

Aránṣọ tẹjú mọ́ ọn. "O mọ̀ bẹ́ẹ̀, o ò sì sọ fún mi?"

"Ṣé o bi mí ni? Ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ lo máa ń pè mí sọ."

Atúnṣe ń gbọ́. Ó wo ẹ̀rọ rẹ̀, ó wo kúlà tí adìẹ aláìláwọ kún inú rẹ̀, ó rọra lọ gbé àpótí irinṣẹ́ rẹ̀. Aránṣọ rò pé ó tún fẹ́ lọ tún un ṣe, ó ti ń múra àtisọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n mọ́tò ni ó tú kúrò lára rẹ̀, ó gbé e lọ sídìí kànga, ó sì kúnlẹ̀ síbẹ̀. Kó tó di pé Alásè kó ẹrù rẹ̀ tán, omi ti dé.

Ní ìrọ̀lẹ́ wọ́n se ọ̀kan nínú èyí tó ṣẹ́kù, ọ̀kan tó ní awọ, nítorí Alákòóso. Ó rẹ̀ wọ́n tó bẹ́ẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò bẹnu àtẹ́ lu ẹnikẹ́ni. Aránṣọ sọ fún ọkọ rẹ̀ pé òun á tún sin òmíràn. Òun ni yóò máa dá ọjọ́ tí wọ́n máa pa wọ́n, iṣẹ́ tirẹ̀ sì ni kó máa di wọ́n mú. Atúnṣe gbà.

Ó sì ń ṣe é. Nígbà tí àwọn òròmọdìẹ mìíràn dé, òun ló ń ti ẹnu wọn bọ omi, òun ló ń gbé oúnjẹ wọn sí èjìká láìsí kẹ̀kẹ́. Ọkàn Aránṣọ balẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tó fi padà sídìí aṣọ àwọn oníbàárà rẹ̀ tó ti pẹ́ nílẹ̀. Ní ọ̀sán kan ló jáde láti lọ sá aṣọ, ó sì bá ọkọ rẹ̀ tó ń na ọwọ́ sókè níbi òrùlé ilé adìẹ, ó di okùn ìwọ̀n mú, ó ń fi ẹnu ka nǹkan.

"Bàbá wọn, kí lẹ ń wọ̀n?"

"Kò sí nǹkan kan."

"Bàbá wọn."

"Mo kàn rò ó pé bí òrùlé yìí bá lè máa ṣí fúnra rẹ̀ nígbà tí ooru bá mú…"

Aránṣọ na ọwọ́. Ó gba okùn ìwọ̀n náà lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí òun ló fi ń wọn aṣọ oníbàárà, ó fi kọ́rùn, ó sì wọlé padà lọ ránṣọ.